Ohùn Sàlíù Tó Pẹ́ Lọ́nà

Manigri

Ọmọ mi Ràmátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ilé ń kí ọ. Ọyẹ́ ti wọlé tọ̀ wá, òdòdó kajú ti yọ, ètè àti ẹsẹ̀ gbogbo wa sì ti ń là. Bàbá rẹ wà lóko bí mo ṣe ń kọ èyí, ara rẹ̀ le, ó ní kí n bá òun bi ọ́ bóyá o ń jẹun dáadáa.

Mo gbọ́ ohun tí o béèrè nígbà tí o pè mí lórí pọ́táábù lọ́jọ́ tí o dé yàrá tí o háyà ní Parakou. O ní kí n ra kílé kan fún ọ ní Bassila, kí n fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀, torí pé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ní yunifásítì ló ní i, wọ́n so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn sí. Mo ní màá wò ó. O tún pè, mo tún ní màá wò ó. Mo mọ̀ pé ó ti ń dùn ọ́, o sì lè máa rò pé mo láhun. Kì í ṣe ahun. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń sọ lórí pọ́táábù nígbà tí alùpùpù oní-zémì ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹni. Màmá àgbà, ìyá tó bí mi, tí a jọ mọ̀ ọ́n ti lọ, ó ku èmi, bàbá rẹ sì mọ apá kan rẹ̀ nìkan. Mo fẹ́ kí ìwọ náà mọ̀ ọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ. Ọ̀sán ni kí o kà á, nígbà tí ẹlòmíì bá wà nítòsí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí pé ọmọ kì í fẹ́ gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé òun ò ṣubú rí. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kílé kan ṣoṣo ni mo ní. Mo ń kì í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tí mo bá rí: ti ọ̀rẹ́, ti ọ̀gá, ti ilé ìtẹ̀wé ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tó di ọjọ́ tí mo fẹ́ tẹ iṣẹ́ mi sórí ìwé, orúkọ gbogbo ohun tí mo kọ ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe sọ wọ́n, àmọ́ bí mo bá ṣí ọ̀kan, òfìfo ni. Ṣé o ti wọ ilé kan rí tí ìkòkò wà lórí iná, tí bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, tí o kí wọn títí tí ẹnikẹ́ni ò dá ọ lóhùn? Bó ṣe rí lára mi nìyẹn. Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé ní àrùn kọ̀ǹpútà ló jẹ ẹ́, pé ara kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíì ni mo ti kó o. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi ni pé ohun tó bá ń wọ ilé gbogbo ènìyàn, kì í ṣe ibẹ̀ ni à ń kó ẹ̀mí ẹni sí.

Ó yẹ kí ìyẹn ti tó mi kọ́gbọ́n. Àbúrò mi ni kò gbọ́.

O kò fi bẹ́ẹ̀ rántí Sàlíù. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni o wà nígbà náà, Sàlí ni o ń pè é. Òun ni àbíkẹ́yìn Màmá, ó ga, ó tínrín, kì í yára sọ̀rọ̀, bó bá sì fẹ́ bi ènìyàn ní nǹkan, á kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀. Yunifásítì ni ó wà. Mẹ́múà rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣekágbá tí ìwọ náà yóò kọ lọ́jọ́ kan, dá lórí orúkọ iṣu. Ó ń lọ bá àwọn àgbà ní Manigri, ní Bassila, títí dé Alédjo, ó ń gba ohùn wọn sínú pọ́táábù rẹ̀: ìdí tí wọ́n fi ń pe làbókò ní làbókò, irú iṣu tí wọn ò gbìn mọ́, ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú èyí wọ ìlú. Màmá ni ó kọ́kọ́ bi. Bó bá délé, á kó gbogbo rẹ̀ sínú kílé, bí àyè bá sì há lórí pọ́táábù, á pa díẹ̀ rẹ́ níbẹ̀. Okùn ló fi so kílé náà mọ́ ọrùn bí tírà.

Bassila ni mo ti ń ṣe olùkọ́ nígbà náà, bí mo ṣe ń ṣe é títí di òní. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwa olùkọ́ ní bí a ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sínú àpò tí kò sí nínú ẹ̀rọ kan pàtó, tó jẹ́ pé ibi tí o bá wà, bí o bá ti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, wàá ṣí i. Nígbà tí Sàlíù wá kí mi, mo gba pọ́táábù rẹ̀, mo so ó mọ́ àpò tèmi. Mo ṣàlàyé fún un pé láti ìsinsìnyí lọ, bí pọ́táábù bá ti rí kònẹ́síọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohùn àti àwòrán tó bá gbà yóò máa gòkè lọ fúnra wọn, àwa méjèèjì á sì lè rí wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ṣé ibi tí òun ò lè fọwọ́ kàn ni òun yóò wá kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó gbà fún mi, àmọ́ ó máa ń pa kònẹ́síọ̀n kó má baà jẹ owó rẹ̀. Mo mọ̀, n kò sì tẹnu mọ́ ọn.

Nígbà òjò ló ń ti Alédjo bọ̀ lórí alùpùpù. Ilẹ̀ ń yọ̀. Kò sí ẹni tó rí bó ṣe ṣubú. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ ló rí i nígbà tó ti kọjá ìrànlọ́wọ́. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Koríko ga ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn, a wá pọ́táábù rẹ̀ títí, a ò rí i. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ tú okùn ọrùn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé kílé náà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì pè láti bá wa kẹ́dùn. Ó sọ pé bí iṣẹ́ náà bá wà, òun yóò mú un parí ní orúkọ Sàlíù, torí pé díẹ̀ nínú àwọn àgbà tó bá sọ̀rọ̀ ti kú, kò sì sí ibòmíì tí a ti lè gbọ́ wọn. Mo ki kílé náà bọ kọ̀ǹpútà. Ó tàn. Kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì bi mí bóyá kí òun tún un ṣe ní tuntun. Mo wo ìbéèrè yẹn pẹ́, mo sì yọ kílé náà. Mo wá ṣí àpò orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohùn díẹ̀ péré ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyókù kò gòkè. Mo kọ̀wé sí olùkọ́ náà pé a ò rí nǹkan kan.

Òjò lọ, ọyẹ́ wọlé.

Ọ̀sán kan ni, oòrùn wà láàárín ọ̀run, èmi nìkan ló wà nínú yàrá àwọn olùkọ́. Mo ṣí àpò náà láti mú ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ síbẹ̀. Mo rí ohun kan tí n kò mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni «Iṣu, Màmá, òwúrọ̀», bí Sàlíù ṣe máa ń sọ wọ́n gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i pé ó wọlé ni ọjọ́ náà gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn adìẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀, ó ní, «Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, kó lè yé mi.»

Ọwọ́ mi tutù, Ràmátù, nínú ọ̀sán gangan. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo jáde, mo dúró láàárín àwọn ọmọ tó ń ṣeré kí ara mi lè gbóná.

Ní ọjọ́ kejì, òmíràn wọlé. Lẹ́yìn náà, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kò sì sí ọ̀kan tí ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ yà. Èkíní jẹ́ òkùnkùn tí ìlà pupa kan gba inú rẹ̀ kọjá. Ìkejì jẹ́ aṣọ pupa, ó sún mọ́ra débi pé mo lè ka òwú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ilẹ̀, ewé gbígbẹ, àti gìgísẹ̀ kan tó là, tí eruku bò. Ohùn kan tún wọlé tí kò ní orúkọ. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, bí kò ṣe ẹsẹ̀ tó ń rìn lórí ewé gbígbẹ, tó ń rìn, tó ń rìn, tí ẹnì kan sì ń mí.

Mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ní bóyá olè ló mú pọ́táábù náà. Mo ní kò burú, àmọ́ olè wo ló ń fi ohùn Sàlíù ránṣẹ́ sí mi?

N kò fẹ́ kí Màmá gbọ́. Mo ń ṣí ọ̀kan ní àgbàlá rẹ̀ níbí ní Manigri, mo rò pé ó wà lóko. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí. Kò sunkún. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní kí n fi àwòrán tó bá wà han òun. Ó wo gìgísẹ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́.

«Ó ti rìn jìnnà,» ló sọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti gbà pé Sàlíù ti di àkúdàáyà. O mọ ohun tí wọ́n ń sọ: pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé a máa lọ gbé ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, a máa ṣiṣẹ́, a máa jẹun, títí ojúlùmọ̀ kan yóò fi rí i. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ Sàlíù sọ́tọ̀ lọ́sàn-án. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ń gbá a. Bí a bá jókòó, Màmá á dákẹ́ lójijì, á sì tẹ́tí sí ọ̀nà. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mi kú, kí ọmọ òun má baà sọ̀rọ̀ kó má rí ẹni gbọ́ ọ. Ó ń rù. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Mo lọ bá lèmọ́mù. Ó fetí sílẹ̀, kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní, «Òkú kì í lo pọ́táábù. Ẹ lọ wá alààyè tó ń lò ó.»

Àwòrán tó tẹ̀lé e ló ràn wá lọ́wọ́. Ó wọ́, àmọ́ ilẹ̀kùn aláró kan hàn nínú rẹ̀, ilé ẹ̀rọ ìlọta sì ni. Mo mọ ilẹ̀kùn yẹn. Bassila ni, ní àdúgbò tí mo máa ń gbà lọ sílé ìwé. Màmá ní bí mo bá lọ láìmú òun dání, kí n má ṣe padà wá sílé òun. A wọ ọkọ̀ lórí ọ̀nà gúdúrọ́n ní àárọ̀. Ó wọ aṣọ tó dára jù, ó gbé oúnjẹ dání.

Oníṣẹ́ ilé ìlọta wo àwòrán ẹsẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sí ilé kan lọ́ọ̀ọ́kán. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ya èso òrí, ó sì ju Màmá lọ lọ́jọ́ orí. Aṣọ pupa ló ró. Màmá kò wo ojú rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ó wá gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀.

Nàfí ni orúkọ rẹ̀. Èdè Anii ló ń sọ. Mo ti gbọ́ ọ díẹ̀ látìgbà tí mo ti wà ní Bassila, nítorí náà, èmi ni mò ń túmọ̀ fún Màmá. Nàfí sọ pé nígbà tí òun ń ṣa èso òrí nínú igbó ní ẹ̀bá ọ̀nà Alédjo ni òun rí pọ́táábù nínú koríko. Ó ti kú, òun sì fi í sínú ìkòkò ní yàrá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí i, ó fi iná sí i, ó fi káàdì àti kònẹ́síọ̀n sí i kí ìyá òun lè máa gbọ́ òun, ó sì padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nàfí so ó mọ́ ìdí aṣọ. Kò mọ̀ pé ó ń ya àwòrán. Kò mọ̀ pé ó ń gba ohùn òun bí òun ṣe ń rìn nínú igbó. Èyí tí ìka rẹ̀ bá ṣèèṣì tẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí Sàlíù ti gbà kó tó kú, tó ń dúró de kònẹ́síọ̀n látọjọ́ yẹn, sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nàfí tún sọ òmíràn. Ó ní nígbà míì, bí òun bá ti fọwọ́ kàn án, ọkùnrin kan máa ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Òun kò gbọ́ èdè rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ pé ó ń béèrè nǹkan, torí pé ó máa ń wúkọ́, a máa béèrè, a máa dákẹ́. Òun nìkan ló ń gbé ilé. Kò dára kí ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀ máa béèrè kí ènìyàn má dáhùn. Nítorí náà, òun máa ń dá a lóhùn.

Mo bi í pé kí ló ń sọ fún un.

Ó ní, «Mo máa ń sọ fún un pé kó máa bọ̀, ọ̀nà kò jìn mọ́.»

Màmá ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, ilé ìlọta náà sì ti dákẹ́, bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Màmá na ọwọ́, Nàfí tú pọ́táábù náà, ó gbé e fún un. Mo tẹ èyí tó kẹ́yìn nínú ohùn Màmá. A gbọ́ Màmá nínú rẹ̀ tó ń ka orúkọ iṣu títí tó fi dákẹ́. Sàlíù wúkọ́, ó ní, «Ṣé ó tán, Màmá?» Ibẹ̀ ló gé sí. Ìdáhùn kò sí nínú rẹ̀.

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sún mọ́ ẹnu. «Ó tán, ọmọ mi,» ló sọ. «Ó ti tán. Má rìn mọ́.»

Òun àti Nàfí jọ jẹ oúnjẹ náà. Kò bu oúnjẹ sọ́tọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn títí Ọlọ́run fi pè é.

A kò gba pọ́táábù lọ́wọ́ Nàfí. Òun ló fi ń gbọ́ ọmọ rẹ̀. Mo dúró kí gbogbo ohun tó kù gòkè, mo sì yọ àpò mi kúrò lórí rẹ̀. Olùkọ́ Sàlíù gba ohùn náà, ó ṣe bó ṣe ṣèlérí, orúkọ àbúrò mi sì wà lórí ìwé ní yunifásítì tí o wà yìí. Lọ béèrè rẹ̀.

Ìwọ náà gbọ́ mi wàyí, Àbẹ̀kẹ́. Fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, má fi ọkàn tán kílé. Ohun tó wà lọ́rùn ẹni ń bá ẹni ṣubú. Bí olùkọ́ kan bá ní dandan kílé ni kí o fi mú iṣẹ́ wá, yá ti ọ̀rẹ́, fi ẹ̀dà iṣẹ́ náà nìkan sí i, kí o sì dá a padà.

Má ṣe rò pé ohun tí o ti gbà sílẹ̀ ti gòkè. Dúró kí o rí àmì pé ó ti dé. Kònẹ́síọ̀n wọ́n, mo mọ̀, èmi ni yóò máa fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tí ǹ bá fi ra kílé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí o sì ní ẹ̀dà kejì nínú kọ̀ǹpútà rẹ, nítorí ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Bí o bá lo kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé tàbí ti ọ̀rẹ́, jáde kúrò nínú àpò rẹ kí o tó dìde. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ lè jẹ́ ènìyàn rere bíi Nàfí, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Má fi orúkọ rẹ tàbí tèmi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà. Má sì fi ohun tí o kò fẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ lọ́sàn-án gangan sínú rẹ̀, torí pé ohun tó bá wà níbẹ̀ kì í mọ̀ pé olówó rẹ̀ ti lọ. Wá ẹnì kan tí o fọkàn tán, jẹ́ kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Ìdí kan ṣì wà tí mo fi kọ̀wé yìí.

Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ohun kan wúwo ju ìyókù lọ, ó sì pẹ́ kó tó gòkè. Àwòrán tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ ni. Sàlíù gbà á ní ọjọ́ tó kúrò ní Alédjo, kí òjò ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó fún un ni «Fún Ràmátù, bó bá dàgbà».

N kò ṣí i rí. Màmá kò mọ̀ pé ó wà. Lọ́pọ̀ ìgbà ni mo ti gbé ọwọ́ lé e, tí mo sì rántí pé kì í ṣe èmi ló pè. Mo ti so àpò náà mọ́ orúkọ rẹ. Bàbá rẹ yóò ka ọ̀rọ̀ aṣínà náà fún ọ lórí pọ́táábù, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé. Bí o bá fẹ́ ṣí i, ṣí i. Bí o kò bá fẹ́, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ bí o bá ṣí i tó sì bi ọ́ ní ohunkóhun, ọmọ mi, ronú dáadáa kí o tó dáhùn.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń gbàdúrà fún ọ.